Eyín Ráàkì: Ìtàn Tó Wà Nídìí Àmì Kékeré Abẹ́ Ẹ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti gírámà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì abẹ́ lẹ́tà ló bí i.

Ní sáà tó kọjá, a fẹ́ gbẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ wa sára pákó kí a sì gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti jó irin pọ̀ di tábìlì CNC. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ni: a ó ya àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sọ àwòrán náà di nọ́ńbà, nọ́ńbà á sì máa sọ fún mọ́tọ̀ ibi tí yóò gbé irin ìgé lọ lórí pákó. Tábìlì tiwọn gùn tó ẹsẹ̀ 8, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ 4, kí odidi pláìwúùdù kan lè dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn lẹ́tà jáde dáadáa. Àmì abẹ́ Ẹ ni kò gbọ́ràn. Dípò kó rí roboto, ó rí bí ẹyin tí ẹnì kan jókòó lé.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Apá kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ráàkì tí wọ́n lò ló fà á, kí wọ́n tú u, kí wọ́n tà á, kí wọ́n ra ọ̀pá skúrù. Apá kejì ní owó tí gbogbo wa dá jọ ti tán sára ráàkì yẹn, kò sì sí ẹni tí yóò ra idẹ́mìíràn fún wa. Àwa tí a kò mọ ẹ̀rọ, ìtàn la mọ̀ ọ́n wá. A lọ wo àwọn tó ti yan ráàkì ṣáájú wa, ohun tí wọ́n ń wá, àti ohun tó ná wọn. Ohun tí a rí ni a kọ sílẹ̀ yìí, nítorí òun ló parí ìjà náà.

Ohun tí à ń sọ gan-an

Píníọ̀nù ni jíà kékeré tó ní eyín yíká. Ráàkì ni irin gígùn tó ní eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ayùn, àmọ́ eyín tirẹ̀ nípọn, gbogbo wọn sì dọ́gba. Bí píníọ̀nù bá ń yí, eyín rẹ̀ á máa wọ àárín eyín ráàkì, ohun tó gbé píníọ̀nù náà á sì máa rìn lọ lórí ìlà tó gún régé. Ọ̀nà mìíràn láti ṣe irú iṣẹ́ yìí ni ọ̀pá skúrù: ọ̀pá gígùn tó ní tíríìdì bíi ti bóòtì, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó ń rìn lára rẹ̀ bí ọ̀pá náà bá ń yí. Méjèèjì ń sọ yíyí di rírìn. Ìjà tó wà láàrin wọn ti pẹ́.

Láti orí aago omi dé orí ọrun ogun

Vitruvius, ayàwòrán-ilé ará Róòmù tó kọ ìwé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, ṣàpèjúwe aago omi kan tó ní Ctesibius ará Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ló ṣe é. Ctesibius gbé ayé ní sẹ́ńtúrì kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Omi ń kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò, ohun kan tó léfòó ń gòkè bí omi ṣe ń pọ̀ sí i, ọ̀pá eléyín kan wà lára ohun tó léfòó náà, eyín ọ̀pá yìí sì ń ti eyín ìlù kan tó ń yí. Eyín méjèèjì dọ́gba, èyí ló jẹ́ kí yíyí náà ní òdiwọ̀n. Níbẹ̀, ráàkì ló ń darí píníọ̀nù, agbára tó sì ń darí ráàkì kò ju ti omi tó ń kán tó-tó-tó lọ.

Ní sẹ́ńtúrì 15, àwọn ọmọ ogun Yúróòpù fi ohun kan náà ṣe iṣẹ́ líle. Ọrun wọn ti di irin, ó ti le ju ohun tí ọwọ́ lásán lè fà. Wọ́n ṣe ráàkì kékeré kan tó ní ìkọ́ lórí, wọ́n fi jíà sí i, wọ́n fi ọwọ́ ìyípo sí jíà. Ẹni tó bá ń yí i á máa fa okùn ọrun díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi há. Ó lọ́ra, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo lè fa ohun tí ènìyàn púpọ̀ kò lè fi ọwọ́ fà.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni nínú àwọn méjèèjì tó bìkítà bí àyè díẹ̀ bá wà láàrin eyín àti eyín. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi ń ti ọ̀pá Ctesibius lọ. Okùn ọrun ń fa ráàkì sẹ́yìn nígbà gbogbo, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan náà ni eyín máa ń fi kan ara wọn. Àyè tó wà láàrin eyín yìí ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní plé. Plé kì í hàn níbi tí ohun kan ò bá ti padà sẹ́yìn. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá yí ojú padà ló ń hàn, nítorí píníọ̀nù á kọ́kọ́ la àyè yẹn kọjá kí ó tó rí eyín ti.

Leeds, 1812

Ní Middleton, lẹ́bàá ìlú Leeds ní Ẹ́ńgìlándì, ẹṣin ló ń fa kẹ̀kẹ́ èédú láti ibi tí wọ́n ti ń wà á lọ sí ìlú. Ogun Napoleon mú kí oúnjẹ ẹṣin wọ́n gógó. John Blenkinsop, tó ń bójú tó ibi ìwa èédú náà, wá ń wá ẹ̀rọ tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Irin tí wọ́n ń fi ṣe ojú ọ̀nà ọkọ̀ nígbà náà kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń ṣẹ́. Ní 1804, Richard Trevithick ti gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ gba orí irin ní Penydarren ní Wales. Ẹ̀rọ náà fa ẹrù lóòótọ́, àmọ́ ìwúwo rẹ̀ fọ́ irin ojú ọ̀nà. Bí ẹ̀rọ bá wúwo, irin á ṣẹ́. Bí ó bá fúyẹ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kàn máa yí lójú kan ni, bíi ti ọkọ̀ tó wọ ẹrẹ̀.

Ní 1811, Blenkinsop gba ìwé àṣẹ fún ọgbọ́n kan: wọ́n á dà eyín mọ́ ẹ̀gbẹ́ irin ojú ọ̀nà kan, ẹ̀rọ náà á sì ní jíà ńlá kan tí yóò máa gbá àwọn eyín yẹn mú. Matthew Murray, ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Leeds, ló kọ́ ẹ̀rọ náà. Wọ́n sọ ọ́ ní Salamanca, orúkọ ibi tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun ní oṣù keje ọdún 1812. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, 1812, ó fa èédú lójú gbogbo ènìyàn. Ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5 lọ, síbẹ̀ ó lè fa nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 90 lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ṣáájú rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin tó mú owó wọlé bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni William Hedley, ní Wylam, dán an wò pé ẹsẹ̀ dídán lórí irin dídán kì í yọ̀ bí wọ́n ṣe rò. Ó kọ́ Puffing Billy, tí kò ní eyín kankan, ó sì ṣiṣẹ́. Nígbà tí irin ojú ọ̀nà fi le sí i, tí ẹ̀rọ sì lè wúwo, eyín Blenkinsop di ohun àtijọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Ẹni tó bá kà á kíá lè sọ pé iṣẹ́ àṣedànù ni Blenkinsop ṣe. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Irin ẹlẹgẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ fífúyẹ́ nìkan ló lè gùn ún, ẹ̀rọ fífúyẹ́ sì nílò eyín kó tó lè fa ẹrù wúwo. Pẹ̀lú ohun tó ní, ó yàn dáadáa. Ìbéèrè tí a mú kúrò níbẹ̀ ni pé: irú irin wo ló wà lọ́wọ́ àwa náà?

Àwọn tó fi eyín gun òkè

Ráàkì tí wọ́n lé kúrò lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ gba òkè. Ní Amẹ́ríkà, Sylvester Marsh la ojú irin eléyín dé orí òkè Washington ní New Hampshire ní 1869. Ní Switzerland, Niklaus Riggenbach ṣí tirẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, 1871, láti Vitznau gun òkè Rigi. Níbi tó ga báyìí, ẹsẹ̀ dídán á yọ̀ lóòótọ́.

Ẹni méjì lẹ́yìn wọn ló kọ́ wa ní ohun tí a nílò. Àkọ́kọ́ ni Roman Abt, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Riggenbach. Ó rí i pé bí ó bá jẹ́ ráàkì kan ṣoṣo ló wà, ìgbà tí píníọ̀nù bá ń kúrò lára eyín kan bọ́ sí òmíràn, ẹrù máa ń jálu eyín náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá fi irin eléyín méjì tàbí mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sún eyín ọ̀kan síwájú díẹ̀ ju ti èkejì lọ. Bí eyín ọ̀kan bá ń tú sílẹ̀, ti èkejì ti dì í mú. Ní 1885 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó ní agbègbè Harz ní Jámánì. Lónìí, ráàkì tí wọ́n gé eyín rẹ̀ ní dídágún dípò kó dúró ṣánṣán ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ìdí sì nìyẹn tí ó fi máa ń rìn jẹ́jẹ́, tí ariwo rẹ̀ kì í pọ̀, tí owó rẹ̀ sì máa ń ga.

Èkejì ni Eduard Locher, tó kọ́ ojú irin òkè Pilatus, tí wọ́n ṣí ní 1889. Níbi tó le jù, bí ọkọ̀ bá lọ síwájú ní mítà 100, ó ti gòkè mítà 48. Ewu kan wà: bí ẹrù bá ń tẹ eyín, eyín kì í kàn ti ara wọn síwájú nìkan, wọ́n tún ń ta ara wọn dànù. Ní òkè tó dúró ṣánṣán bẹ́ẹ̀, jíà tó jókòó sórí ráàkì lè fò jáde. Locher dojú eyín ráàkì kọ ẹ̀gbẹ́, ọ̀tún àti òsì, ó sì fi jíà méjì há a láàrin. Jíà kan ń ti èkejì mọ́ ráàkì, kò sí èyí tó lè sá.

Nígbà tí a ka ibí yìí tán, a padà lọ wo tábìlì wa. Bóòtì mẹ́rin ló de mọ́tọ̀ mọ́ ibi tó wà, kò sí ohun tó ń ti píníọ̀nù mọ́ ráàkì rárá. A ki bébà bọ àárín eyín. Bébà mẹ́ta ló gba ibẹ̀.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù onílééèdì, ẹ tún wo ọkọ̀ bàbá yín

Àríyànjiyàn ráàkì àti skúrù kò nílò kí a lọ jìnnà. Ẹ dé ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú àwọn onílééèdì tó ń gé irin lẹ́bàá gáréèjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ náà. Ẹ ó rí ráàkì kan tó gùn láti òpin dé òpin. Òun ni wọ́n ń fi ọwọ́ yí láti gbé irin ìgé lọ kíákíá. Ẹ ó tún rí ọ̀pá skúrù gígùn kan. Nǹkan bí 1800 ni Henry Maudslay fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ sára lééèdì rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí tíríìdì tó ń gé fi bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gba. Bí onílééèdì bá fẹ́ gé tíríìdì, ọ̀pá skúrù ló ń lò. Bí ó bá kàn fẹ́ dé ibòmíràn, ráàkì ni. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ó lo méjèèjì, kálukú ní ibi tó ti wúlò.

Ọkọ̀ àwọn òbí wa náà pín sí méjì báyìí. Ọkọ̀ Volkswagen tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, irin onítíríìdì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn fi ń darí ẹsẹ̀ iwájú. Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún kan náà, ráàkì àti píníọ̀nù ló ń lò. Mẹkáníìkì tó bá gbá síárìn 504 lọ́tùn-ún lósì tó ní "ó ti ní plé", ohun tó ba àmì abẹ́ Ẹ wa jẹ́ gan-an ló ń sọ. Nínú àpótí síárìn bẹ́ẹ̀, sípíríǹgì kan wà tó ń ti ráàkì mọ́ píníọ̀nù kí plé má bàa wọlé. Ọgbọ́n Locher ti wà ní gáréèjì wa tipẹ́.

Láti 1952 dé orí tábìlì wa

Ìgbà tí nọ́ńbà gba ìdarí ẹ̀rọ ni plé di ọ̀tá gidi. John Parsons, ní Michigan ní Amẹ́ríkà, ń ṣe abẹ ẹlikópítà, ó sì ń wá ọ̀nà láti gé ẹ̀gbẹ́ wọn bí ìṣirò ṣe sọ. Àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà gbé owó sílẹ̀, ilé ìwádìí kan ní MIT sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án, 1952, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà lára bébà tí wọ́n dá ihò sí han ayé. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ ẹ̀rọ rẹ̀ lè mọ ìgbà tí plé wà, kó fi ọwọ́ bá a wí. Nọ́ńbà kò mọ̀. Ó sọ pé kí irin ìgé padà ní ìdajì mìlímítà, mọ́tọ̀ yí i pé, àmọ́ irin ìgé kò tíì kúrò lójú kan.

Kọ̀ǹpútà kéékèèké olówó pọ́ọ́kú, irú Arduino tó bẹ̀rẹ̀ ní Itálì ní 2005, ló jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé lè ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílé. Ẹni tó bá ń ṣe kékeré, ọ̀pá skúrù dára fún un. Tí ó bá fẹ́ gùn ni ìṣòro. Ọ̀pá skúrù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí kíákíá máa ń jó bí okùn tí àwọn ọmọdé ń fò. Bí gígùn rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìyára tó lè fara dà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ijó á bọ́ sí ìdámẹ́rin. Ẹsẹ̀ 8 ti jìnnà fún un. Ráàkì ní tirẹ̀ kò yí, ó dùbúlẹ̀. A lè so ó pọ̀ ní abala-abala bó ṣe wù ká gùn tó. Níbi ìsopọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wa da ojú ráàkì kékeré mìíràn dé orí rẹ̀ kí eyín lè bára mu kí wọ́n tó fún bóòtì pa.

Ráàkì ní gbèsè tirẹ̀. Píníọ̀nù wa ní eyín 20, ìwọ̀n eyín rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní module 1. Bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ mìlímítà 62.83. Mọ́tọ̀ wa ń pín yíyí kan sí ìṣísẹ̀ 200, nítorí náà ìṣísẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.31. Ọ̀pá skúrù tó ń lọ mìlímítà 5 ní yíyí kan á fún mọ́tọ̀ kan náà ní 0.025. Ẹ fi plé bébà mẹ́ta kún 0.31 wa. Lára O ńlá kan, ojú kò lè rí i. Lára àmì tó fẹ̀ tó mìlímítà 12 péré, tí irin ìgé ní láti yí ojú padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó parí rẹ̀, ojú á rí i.

Ohun tí a ṣe

Wọn kò ta ráàkì. Tábìlì tó gùn tó ẹsẹ̀ 8 ni irin tó wà lọ́wọ́ wa, bí irin ẹlẹgẹ́ ṣe wà lọ́wọ́ Blenkinsop, ohun tó sì bá a mu ni ráàkì. Ohun mẹ́ta ni wọ́n tún ṣe. Wọ́n tú bóòtì mẹ́ta kúrò lára ibi tí mọ́tọ̀ jókòó, wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ kí ó lè máa mì, wọ́n sì fi sípíríǹgì tó lágbára fa á kí píníọ̀nù má kúrò lára ráàkì mọ́. Wọ́n fi bẹ́líìtì àti púlì méjì sáàárín mọ́tọ̀ àti píníọ̀nù, kékeré eléyín 16, ńlá eléyín 80, tí ìṣísẹ̀ kan fi bọ́ sí nǹkan bíi 0.063. Wọ́n sì dojú ráàkì kọlẹ̀ kí ìyẹ̀fun pákó má bàa kún inú eyín rẹ̀. Ní ti ibi tí irin ìgé ti ń gòkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá skúrù kúkurú ló wà níbẹ̀, a sì fi í sílẹ̀. Kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́, kò lè jó. Bí lééèdì Maudslay, tábìlì wa lo méjèèjì.

A tún pákó náà gbẹ́. Àmì abẹ́ Ẹ jáde roboto, ti abẹ́ Ọ náà jáde bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wa sọ nǹkan kan tí a kò tíì gbàgbé. Ó ní wọ́n ti fi tábìlì yẹn gbẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ènìyàn rí, gbogbo wọn ló sì dúpẹ́, kò sẹ́ni tó rí àléébù kankan. Ó yẹ kí èdè tó ní àmì kékeré lábẹ́ lẹ́tà dé kí ẹ̀rọ tó jẹ́wọ́. Ẹ mọ iye ìgbà tí wọ́n ti sọ fún wa pé àmì abẹ́ kò ṣe pàtàkì, pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí à ń sọ bí a kò bá tilẹ̀ fi í sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, àmì náà ló sọ fún àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ pé ẹ̀rọ wọn ń ṣìnà.

Pákó náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Bí ẹ bá ń kọjá, ẹ dúró díẹ̀, ẹ wo abẹ́ lẹ́tà kí ẹ tó wo orí rẹ̀.